Ẹ Ka Odò Kí Ẹ Tó Gun Kẹ̀kẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí dá lórí ìrìn àjò orí kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tí ènìyàn máa ń fi ọjọ́ mélòó kan rìn láti ìlú dé ìlú, kí ojú lè rí nǹkan, kí ara sì le. Bí a bá ní kí ẹni tí kò rin irú rẹ̀ rí yan ọ̀nà tó wù ú, etíkun ni yóò kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ó ti rí i nínú àwòrán: títì ọlọ́dà tó ń dán, òkun aláwọ̀ aró lápá kan, òkè olókùúta lápá kejì, kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo láàárín. Lọ́kàn tirẹ̀, níbi tí omi bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ tó báyìí, ọ̀nà etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ bákan náà. Àfonífojì odò kò fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú. Ó rò pé ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ yóò fi ìmí ẹ̀dùn gun òkè jáde. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé ìdàkejì èrò yìí gan-an ló tọ̀nà. Fún ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yí kẹ̀kẹ́, ọ̀nà tó ń bá odò rìn ló sábà máa ń rọ̀, ọ̀nà tó ń bá òkun rìn ló sábà máa ń le. Ọwọ́ omi gan-an ni ìdí rẹ̀ sì wà.

Òjò tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ gíga kì í dúró síbẹ̀. Ó ń wá ibi tó rẹlẹ̀ lọ, ó ń kóra jọ di ìṣàn, ìṣàn ń di odò, òkun sì ni ọ̀pọ̀ odò ń rè. Bí ó ti ń lọ ni ó ń gbẹ́ ilẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ló sì fi ń gbẹ́ ẹ, títí ipa rẹ̀ yóò fi di àfonífojì. Ọ̀nà tó bá wọ inú àfonífojì yìí tó sì ń bá odò lọ, omi ti bá a tún ilẹ̀ ṣe sílẹ̀. Omi kì í gun òkè. Ọ̀nà tó bá tẹ̀ lé e tímọ́tímọ́ kò ní gun òkè púpọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà etíkun kò tẹ̀ lé odò kankan. Ńṣe ló ń dábùú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo odò kékeré tó ń sáré bọ̀ wá sínú òkun ló ní àfonífojì tirẹ̀, àárín àfonífojì méjì sì ni òkè tó nà jáde sínú òkun bí ìka ọwọ́. Ọ̀nà á sọ̀ kalẹ̀ síbi odò, á gba orí afárá, á gun òkè, á tún sọ̀ kalẹ̀ síbi odò mìíràn. Ọmọ Yorùbá kò ní rò ó jìnnà kó tó yé e. Ògùn, Ọ̀ṣun, Ṣáṣá, Ọ̀ni, àríwá ni gbogbo wọn ti ń ṣàn bọ̀ wá sí gúúsù. Ẹni tó bá ń ti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ni afárá ń pọ̀ lọ́nà rẹ̀.

Ẹnì kan lè dáhùn pé, bí òkè bá gba agbára lọ́wọ́ mi, ṣebí ìsọ̀kalẹ̀ yóò dá a padà? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ènìyàn ń sáré 20 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ tó tẹ́, yóò fi ìṣẹ́jú 18 rin kìlómítà 6. Ká wá fi òkè kan sáàárín kìlómítà 6 yìí, kí 3 jẹ́ gígùn, kí 3 jẹ́ sísọ̀. Bí ó bá ń gun òkè ní 10 kìlómítà ní wákàtí kan, kìlómítà 3 àkọ́kọ́ nìkan yóò gba ìṣẹ́jú 18. Gbogbo àkókò tí ìbá fi rin ọ̀nà náà tán lórí ilẹ̀ tó tẹ́ ti lọ kó tó dé ṣóńṣó òkè. Kò sí bí ó ṣe lè sọ̀ kalẹ̀ kó sáré tó tí yóò gba àkókò yẹn padà, ìbá fò bí àṣá. Àkókò nìkan kọ́. Ká ní ènìyàn àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọn kílò 85, tí títì sì ń ga ní mítà 5 nínú mítà 100, agbára tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tì í síwájú ju ìlọ́po mẹ́ta èyí tó ń lò lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì. Nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, bíréèkì ló ń jẹ lára èrè náà, nítorí kọ́nà wà lọ́nà, ọkọ̀ sì ń bọ̀ níwájú.

Ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà lè bá wa jẹ́rìí sí èyí. Láti ọdún 1978 ni ìdíje kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè ní Cape Town Cycle Tour ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì ń kópa nínú rẹ̀. Kìlómítà 109 ni ọ̀nà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ó ń yí ká ilẹ̀ tó nà jáde sínú òkun níbẹ̀, òkun kò sì fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ojú ẹni tó ń gùn ún. Síbẹ̀, bí àwọn tó mọ ọ̀nà náà bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, orúkọ òkè lẹ ó máa gbọ́: Smitswinkel, Chapman's Peak, Suikerbossie. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Chapman's Peak. Láàárín ọdún 1915 sí 1922 ni wọ́n gé títì náà sínú àpáta. Kìlómítà 9 péré ni, kọ́nà 114 ló sì wà nínú rẹ̀. Níbi tí ara òkè bá wọnú, títì á wọnú tẹ̀ lé e. Níbi tó bá yọ síta, títì á yọ síta, bí ìṣẹ́po aṣọ. Ọ̀pọ̀ ibi tó wọnú yẹn, omi ló ń gba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ẹni tó bá gbéra ní Noordhoek, ẹ̀bá òkun ló ti gbéra. Nígbà tó bá dé Hout Bay, ẹ̀bá òkun náà ló dé. Lórí máàpù, ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sọ pé kò gun ibì kankan. Gbogbo iṣẹ́ náà wà láàárín, níbi tí òkun ti jìn sísàlẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn dúró lórí ilé alájà púpọ̀. Ilẹ̀ irú ibẹ̀ kò sì gbára dúró: ní ọdún 2000, òkúta tó ń já bọ́ mú kí wọ́n ti títì yẹn pa, ó sì di òpin ọdún 2003 kí wọ́n tó tún un ṣí.

Òkè nìkan kọ́ ni etíkun fi ń dán ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ wò. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, afẹ́fẹ́ sì ni òkè tí ojú kò rí. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń sáré 20 kìlómítà ní wákàtí kan, tí afẹ́fẹ́ náà sì ń fẹ́ wá pàdé rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, bí ẹni ń sáré 40 ni ara yóò ṣe mọ̀ ọ́n. Ìdíwọ́ afẹ́fẹ́ kì í di ìlọ́po méjì nígbà náà. Ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Lójú ọ̀sán, ilẹ̀ máa ń tètè gbóná ju òkun lọ, nítorí náà ni atẹ́gùn fi ń ti ojú òkun fẹ́ wọlé. Níbi tí títì bá sì ń lọ́ bí ejò lára òkè, kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè dá láti fi afẹ́fẹ́ sẹ́yìn. Ní kọ́nà kan, ó ń tì í. Ní kọ́nà kejì, ó ń gbá a nígbàáyà. Ní ẹ̀kẹta, ó ń fẹ́ tì í sábẹ́ ọkọ̀. Ní ọdún 2017, ìjì Cape Town le débi pé wọ́n ní láti fagi lé ìdíje náà. Àwọn tó ti gbéra ń fi ọwọ́ méjèèjì di kẹ̀kẹ́ wọn mú kí ìjì má baà gbé e lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká wo odò. Loire ni odò tó gùn jù lọ nílẹ̀ Faransé, ó lé ní 1,000 kìlómítà, inú Òkun Àtìláńtíìkì ló sì ń ṣàn sí. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ kan ń bá a rìn láti tòsí ìlú Nevers títí dé Saint-Brevin létí òkun, nǹkan bí 900 kìlómítà; La Loire à Vélo ni wọ́n ń pè é. Nevers kò ga tó 200 mítà ju òkun lọ. Bí a bá pín gíga yìí sí gbogbo ọ̀nà náà, kò kan kìlómítà kan ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 lọ, ìwọ̀n tí rúlà ọmọ iléèwé kan lè wọ̀n láìkù. Òkè mẹ́rin péré, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní mítà 50, ti tó gbogbo gíga tí odò náà fi 900 kìlómítà sọ̀. Ní etíkun olókè, ẹni tó bá gbéra láàárọ̀ lè ti gun ju bẹ́ẹ̀ lọ kí oòrùn tó kàn án látàrí. N kò sọ pé kò sí òkè kankan lọ́nà Loire o. Ó níbi tí ọ̀nà ti kúrò létí omi tó gun àárín oko àjàrà. Ṣùgbọ́n àbẹ̀wò ni òkè wá ṣe níbẹ̀. Ní etíkun olókè, onílé ni.

Ohun mìíràn tún wà tó mú ọ̀nà Loire rọrùn, ọwọ́ ènìyàn ló sì ti wá. Odò náà máa ń kún débi tó lè gbé abúlé lọ, nítorí náà, láti ìgbà àtijọ́ ni wọ́n ti ń mọ ebè ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní bíi ọ̀rúndún kejìlá, Ọba Henry Kejì, tó ń jọba ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì tún ni ilẹ̀ púpọ̀ ní Faransé, ti mú kí wọ́n fún iṣẹ́ náà lágbára. Orí ebè wọ̀nyí tẹ́, ó gùn lọ salalu, ó sì ga ju oko lọ. Ní ọ̀pọ̀ ibi, orí rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ń gbà. Ẹni tó wà níbẹ̀ yóò rí omi lápá kan, yóò rí òrùlé ilé lápá kejì ní ìsàlẹ̀, láìgun ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí lórí odò Danube, láti Passau ní Jámánì dé Vienna ní Ọ́stríà: ipa tí ẹṣin ń gbà láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n ń fi okùn fa ọkọ̀ lòdì sí ìṣàn, ló wà fún kẹ̀kẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi lónìí. Ẹṣin tó ń fa ẹrù kò fẹ́ òkè. Ọ̀nà tí wọ́n là fún un rọ̀ fún ẹsẹ̀ ènìyàn.

Apá ibo wá ni ká ti bẹ̀rẹ̀ lórí Loire? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé ká bá ìṣàn sọ̀ lọ sí òkun. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò kò tì í lẹ́yìn. Níwọ̀n ìgbà tí odò náà kò sọ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25 ní kìlómítà kan, ẹsẹ̀ kò lè mọ ìyàtọ̀ lílọ àti bíbọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ẹsẹ̀ yóò mọ̀, láti ìwọ̀ oòrùn lójú òkun ló sì máa ń fẹ́ jù. Àwọn awakọ̀ ojú omi Loire ti mọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá ń sọ̀ lọ sí òkun, ìṣàn ló ń gbé wọn. Bí wọ́n bá ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, wọ́n á ta ìgbòkun ńlá onígun mẹ́rin, afẹ́fẹ́ òkun á sì gbé wọn lòdì sí ìṣàn wọ inú ilẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú irin ló gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà kò tíì yí padà. Ẹni tó bá gbéra létí òkun tó kọjú sí Nevers ni yóò gbádùn rẹ̀.

Ẹ̀rí tó tún fún ọ̀rọ̀ yìí lágbára ni ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí ilẹ̀ Faransé là fún etíkun Àtìláńtíìkì fúnra rẹ̀. La Vélodyssée ni orúkọ rẹ̀, ó ju 1,200 kìlómítà lọ, láti Roscoff ní Brittany dé Hendaye ní bodè Sípéènì. A ó rò pé ọ̀nà tí wọ́n là fún ìwòran òkun yóò fà mọ́ òkun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Roscoff gan-an ló ti kẹ̀yìn sí etíkun olókùúta Brittany, ó gba ojú irin àtijọ́ wọ inú ilẹ̀, ó sì wá bá omi tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ láti Brest dé Nantes, ó ń bá a lọ. Ìtàn omi yẹn náà kọ́ni lọ́gbọ́n: nígbà ayé Napoleon, ní ọdún 1811, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, kí ọkọ̀ ẹrù lè gba inú ilẹ̀ kọjá nítorí pé àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gba ojú òkun. Láti Nantes, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ náà bá Loire sọ̀ dé Saint-Brevin, ibẹ̀ ló ti wá ń bá òkun rìn lọ sí gúúsù. Ẹ wo ìdí tó fi ní láti wọlé tó bẹ́ẹ̀: afárá tó wà ní ẹnu odò gan-an, ní Saint-Nazaire, gùn ju kìlómítà 3 lọ, ó sì ga tó mítà 61 lókè omi kí ọkọ̀ òkun lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Níbi tí odò bá ti pàdé òkun, bí òkè kò bá sí, ènìyàn yóò kọ́ ọ.

Àwọn kan yóò sọ pé, etíkun tiwa ńkọ́? Láti Lomé dé Kútọnu, dé Àgbádárìgì, dé Èkó, òkè wo ló wà níbẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, mo sì gbà pé kò sí. Irú rẹ̀ wà ní Landes ní Faransé náà, lójú ọ̀nà Vélodyssée kan náà, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lábẹ́ igi páìnì fún ọ̀pọ̀ kìlómítà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó mú ilẹ̀ méjèèjì tẹ́. Ìgbì òkun ti kó iyanrìn jọ di odi gígùn, odi yìí sì ti dínà mọ́ àwọn odò. Omi tí kò rí àyè wọ òkun tààrà wá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di adágún ní Landes, ó di ọ̀sà lọ́dọ̀ tiwa, ó ń bá etíkun rìn. Níwọ̀n ìgbà tí odò tó ń dábùú ọ̀nà kò pọ̀, ọ̀nà tẹ́. Òfin náà kò yẹ̀. Ibí yìí gan-an ló ti hàn jù. Níbi tí omi bá sì ti já odi yìí, ìwé ọkọ̀ ojú omi ni ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń wá. Ẹnu odò Gironde fẹ̀ débi pé láti Royan, inú ọkọ̀ ojú omi ni Vélodyssée fúnra rẹ̀ ń wọ̀ kọjá sí òdìkejì.

Àtakò kejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo odò kọ́ ló ń ṣe ọ̀nà rere. Òótọ́ ni. Odò tó bá gé àpáta jìn bíi kànga kò ní fi àyè sílẹ̀ fún títì létí rẹ̀. Odò Verdon ní gúúsù ìlà oòrùn Faransé rí bẹ́ẹ̀. Orí òkè ni títì rẹ̀ ń gbà, odò sì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún bí okùn aláwọ̀ ewé. Ẹni tó bá rí orúkọ odò lórí máàpù kó má tíì máa yọ̀, àfi tó bá wo bí títì ti sún mọ́ omi tó àti iye ìgbà tó fi í sílẹ̀. Ti ẹ̀kún omi náà wà ńbẹ̀. Lọ́dún 1846, 1856 àti 1866, Loire kún, ó já ebè, ó sì ba ilé àti oko jẹ́. Lónìí pàápàá, àwọn apá kan lọ́nà náà lè wà lábẹ́ omi nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n ẹ̀kún odò ńlá máa ń ránṣẹ́ ṣáájú. Omi tí yóò dé ìsàlẹ̀ lọ́la ti wà lókè lónìí, wọ́n á sì kéde rẹ̀. Òkúta tó ń bọ̀ láti orí òkè etíkun kì í kéde.

Èyí tó kù ni ti ẹwà, n kò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀. Òkun lẹ́wà. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè kan tó sì rí omi tó lọ títí kan ojú ọ̀run, ìdùnnú rẹ̀ kì í ṣe kékeré, àwọn kan sì wà tí wọ́n tìtorí òkè náà lọ ni. Àwọn yẹn kọ́ ni mò ń bá wí. Ẹni tó ń múra ìrìn àjò àkọ́kọ́ ni, ẹni tó ní ọmọ tàbí àgbàlagbà pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tí ìsinmi rẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú òkè etíkun, táyà iwájú àti ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń wò. Òkun wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Létí odò, ọrùn ráyè yí. Òun yóò rí erékùṣù iyanrìn láàárín Loire níbi tí ẹyẹ ń yé sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé olókùúta funfun tí wọ́n gbẹ́ sínú ara òkè, ọjà ìlú kéékèèké, àti Amboise, níbi tí Leonardo da Vinci kú sí lọ́dún 1519. Láti ọdún 2000 ni UNESCO ti kọ àfonífojì náà, láti Sully dé Chalonnes, mọ́ ara ohun ìní àjogúnbá gbogbo ayé. Lójú tèmi, odò ni ojú ń rí ènìyàn létí rẹ̀ jù, nítorí ibi tí omi dídùn bá wà ni wọ́n ti ń tẹ̀dó.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sì ní balẹ̀ àfi tó bá rí òkun, kó bẹ̀rẹ̀ ní Saint-Brevin. Ní etíkun ibẹ̀ ni egungun ejò ńlá kan wà, àlùmíníọ̀mù ni oníṣẹ́ ọnà Huang Yong Ping fi ṣe é ní ọdún 2012. Nígbà tí òkun bá kún, omi á bò ó, nígbà tó bá fà, egungun ìhà rẹ̀ á yọ síta lórí iyanrìn. Kó wò ó tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà, kó yí kẹ̀kẹ́ padà sí ìlà oòrùn, kí odò wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ rí ilé onígi àwọn apẹja tó dúró lórí òpó nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú àwọ̀n onígun mẹ́rin tó rọ̀ síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi níbẹ̀ ṣì dà bí amọ̀, iyọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Jíà kan náà ni yóò máa lò láti wákàtí dé wákàtí, afẹ́fẹ́ òkun á sì máa tì í lẹ́yìn.